Henrietta Lacks

Henrietta Lacks (orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Loretta Pleasant, a bí i ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1920, ó sì kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 1951) jẹ́ àgbẹ̀ tábà àti ìyàwó ilé, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ìran rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti gba sẹ́ẹ̀lì tí a mọ̀ sí HeLa, ìran sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àkọ́kọ́ tí ó ń pọ̀ sí i nínú ìgò láìkú. Wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì náà láìsọ fún un àti láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ tún so mọ́ ọ̀kan nínú àwọn àṣìṣe tí ó gbilẹ̀ jù lọ nínú ìmọ̀ ìṣègùn ọ̀rúndún ogún: sẹ́ẹ̀lì HeLa wọ inú ìgò sẹ́ẹ̀lì àwọn ẹlòmíràn, ó pa ohun tí ó bá níbẹ̀ run, ó sì ń jẹ́ orúkọ ohun tí ó pa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣèwádìí lórí ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀dọ̀, ìfun tàbí ọkàn, nígbà tí ó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì obìnrin kan ṣoṣo yìí ni ó wà níwájú wọn.

Ìgbà èwe rẹ̀

Ìlú Roanoke ní ìpínlẹ̀ Virginia ni a bí i sí. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Eliza, ti bàbá rẹ̀ sì ni John Randall Pleasant. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú níbi ìrọbí ọmọ kẹwàá ní ọdún 1924. Apá bàbá kò ká ọmọ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó kó wọn lọ sí Clover, abúlé ìdílé wọn ní Virginia kan náà, ó sì pín wọn fún àwọn mọ̀lẹ́bí kí wọ́n bá a tọ́ wọn. Henrietta, nítorí orúkọ tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ ọ́n sí nìyí, bọ́ sọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àgbà, Tommy Lacks.

Ilé onígi alájà kan ni bàbá àgbà yìí ń gbé. Nígbà ayé oko ẹrú, ilé náà ni àwọn ẹrú oko tábà ń sùn sí, àwọn aláwọ̀ funfun tí ó ni oko náà sì jẹ́ ìbátan Henrietta nípa ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn ni ó bí bàbá rẹ̀ àgbà. Oko tábà kan náà ni Henrietta dàgbà sí. Ó ń tọ́jú ewé, ó ń fún ẹran lóúnjẹ, ó sì ń bá wọn kó ọjà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ilé-ìwé àwọn ọmọ adúláwọ̀ ni ó lọ, nítorí pé òfin ìyàsọ́tọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Virginia ìgbà náà. Ó kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ìwé kẹfà.

Ìgbéyàwó àti ìgbé ayé ní Turner Station

Inú ilé bàbá àgbà náà ni David Lacks, tí wọ́n ń pè ní Day, ti bá a dàgbà. Ọmọ ìyá Henrietta ni ìyá Day jẹ́ ní ìwọ̀n ìbátan ìdílé wọn, tí ó fi jẹ́ pé ìbátan ẹ̀jẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Lójú Yorùbá, èèwọ̀ ni irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ní Clover ìgbà náà, kì í ṣe ohun àjèjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Henrietta nígbà tí ó bí àkọ́bí wọn, Lawrence, ní ọdún 1935. Elsie tẹ̀lé e ní ọdún 1939, ọmọbìnrin tí wárápá àti àìlera ọpọlọ ń bá jà láti kékeré. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin ọdún 1941 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó.

Iṣẹ́ tábà kò mú owó wọlé mọ́. Ogun àgbáyé kejì sì ń pe fún irin, ilé-iṣẹ́ Bethlehem Steel ní Sparrows Point, lẹ́bàá ìlú Baltimore ní ìpínlẹ̀ Maryland, sì ń gba òṣìṣẹ́. Ìbátan wọn kan tí ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rọ̀ wọ́n láti wá. Ní òpin ọdún 1941, wọ́n kó lọ sí Turner Station, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ irin tí ó jẹ́ adúláwọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí David kékeré ní ọdún 1947, Deborah ní ọdún 1949, àti Joseph ní oṣù Kọkànlá ọdún 1950. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n níbẹ̀ rántí rẹ̀ sí ẹni tí ó kúrú, tí ó lẹ́wà, tí ó fẹ́ràn ijó, tí kì í sì í jẹ́ kí ebi pa ẹni tí ó bá dé láti abúlé láìní ibi tí yóò sùn. Ó fẹ́ràn láti máa kun èékánná ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pupa.

Ní nǹkan bí ọdún 1950, wọ́n ní láti mú Elsie lọ sí ilé ìwòsàn àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n ní àìsàn ọpọlọ, ní Crownsville. Henrietta kì í yé lọ wò ó títí agbára rẹ̀ fi tán. Ọdún 1955 ni Elsie kú níbẹ̀, ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àìsàn àti ikú

Kí ó tó lóyún Joseph ni ó ti ń sọ fún àwọn ìbátan rẹ̀ obìnrin pé òun ń mọ kókó kan nínú ilé-ọmọ òun. Lẹ́yìn tí ó bímọ, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dà lára rẹ̀ lọ́nà tí kò yẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1951, ó lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, nǹkan bíi máìlì 20 sí ilé rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá mìíràn ní agbègbè náà tí ó ń gba tálákà adúláwọ̀, wọ́n sì ní yàrá tiwọn lọ́tọ̀. Dókítà Howard Jones yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí kókó náà ní ọrùn ilé-ọmọ. Àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn jẹjẹrẹ ni.

Irú jẹjẹrẹ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ó ń ṣe é. Nígbà tí àwọn dókítà tún wo àwọn ègé ẹran ara rẹ̀ tí ó kù nípamọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé irú tí ó máa ń yọ láti inú ẹṣẹ́ ọrùn ilé-ọmọ ni, irú tí ó máa ń le ju èyí tí wọ́n kọ lọ. Ìtọ́jú tí wọn ìbá fún un ní ìgbà náà kì bá tí yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi àṣìmọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé kì í ṣe òun ni yóò gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì yìí.

Wọ́n fi èròjà radium sínú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ìtànṣán X-ray lù ú lójoojúmọ́ títí awọ ikùn rẹ̀ fi jó dúdú. Kò sọ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ilé. Iṣẹ́ ilé ni ó ń ṣe, á sì wọ ọkọ̀ lọ gba ìtọ́jú. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹjọ, wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn, kò sì padà wálé mọ́. Àrùn náà ti ràn káàkiri inú rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 1951 ni ó kú, ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n sin ín sí Clover, ní ilẹ̀ ìdílé, láìsí àmì kankan lórí sàréè rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gba sẹ́ẹ̀lì náà

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi radium sí i lára, tí oorun abẹ sì ti gbé e lọ, dókítà tí ó ń ṣiṣẹ́ náà gé ègé kékeré méjì kúrò lọ́rùn ilé-ọmọ rẹ̀: ọ̀kan láti ibi tí ó dá, èkejì láti ara jẹjẹrẹ náà. Wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí yàrá ìwádìí George Otto Gey, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Margaret ti ń gbìyànjú fún ọ̀pọ̀ ọdún láti sin sẹ́ẹ̀lì ènìyàn níta ara kí ó má sì kú. Iṣẹ́ náà gba sùúrù bí iṣẹ́ ọ̀sìn. Omi tí sẹ́ẹ̀lì yóò máa jẹ nínú rẹ̀, inú ilé ni wọ́n ti ń pò ó: oje ẹ̀jẹ̀ adìẹ, oje ọlẹ̀ màlúù, àti ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun. Síbẹ̀, gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sìn ni ó ń kú.

Mary Kubicek, òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ kan nínú yàrá náà, ni ó pín ègé Henrietta sínú ìgò, tí ó sì kọ HeLa sí i lára: lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ, lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó dá kú láìpẹ́. Àwọn tí ó wá láti ara jẹjẹrẹ ń di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan, wọn kò sì dẹ́kun. Mary yìí kan náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yẹ òkú Henrietta wò. Èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ọ̀dà pupa orí rẹ̀ ti ń ṣí, ni ó mú kí ó yé e pé ènìyàn ni ó ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí òun ń sìn láti ọjọ́ yìí.

Gey ń fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè ní díẹ̀ lára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láìpẹ́, wọ́n rí i pé kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tí ó ń fa àrùn rọpárọsẹ̀ ń gbilẹ̀ dáadáa nínú HeLa. Ní ọdún 1953, ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama, tí ó jẹ́ ti àwọn adúláwọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe HeLa lọ́pọ̀ yanturu fún ìdánwò àjẹsára Jonas Salk. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ní Tuskegee yìí kan náà, lákòókò yìí kan náà, ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń wo àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ tí ó ní àrùn syphilis láìfún wọn ní oògùn. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ àdáni fi bẹ̀rẹ̀ sí ta HeLa lówó. Ìdílé Lacks kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ orúkọ

Ní ọdún 1953, ìwé ìròyìn kan ní Minneapolis pe ẹni tí ó ni sẹ́ẹ̀lì náà ní Henrietta Lakes. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Helen Lane àti Helen Larson gba ojú ìwé. Ìwé ẹ̀kọ́ tẹ̀ ẹ́, olùkọ́ fi kọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kò hàn sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé pé obìnrin adúláwọ̀ ni. Gey kú ní ọdún 1970. Ní ọdún 1971 ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Howard Jones àti Victor McKusick wà lára wọn, kọ àpilẹ̀kọ ìrántí kan tí wọ́n fi tẹ orúkọ rẹ̀ gan-an jáde nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn.

Sẹ́ẹ̀lì tí ń gba ilé onílé

Ṣíṣe àṣeyọrí pẹ̀lú HeLa mú kí yàrá ìwádìí káàkiri ayé gbìyànjú láti sin sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Láàárín ọdún 1952 sí òpin àwọn ọdún 1950, ìran sẹ́ẹ̀lì tuntun ń jáde lemọ́lemọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ àti ibi tí wọ́n ní ó ti wá. HEp-2 ni wọ́n pè ní jẹjẹrẹ gògóńgò. KB ni jẹjẹrẹ inú ẹnu. Chang Liver ni ẹ̀dọ̀. INT 407 ni ìfun, Girardi Heart ni ọkàn, WISH sì ni awọ tí ó bo ọmọ inú oyún. Ẹnu ya àwọn ènìyàn pé ohun tí ó ti sú àwọn ará ìṣáájú wá rọrùn lójijì.

HeLa lágbára ju àwọn tí ó kù lọ. Kò ní láti pọ̀ kí ó tó ṣe ọṣẹ́: bí òṣìṣẹ́ bá lo pípẹ́ẹ̀tì kan fún ìgò méjì, bí ó bá fi ẹnu ìgò oúnjẹ kan náà kan oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì, tàbí bí ìkán omi tí ojú kò rí bá fò láti inú ìgò kan bọ́ sí òmíràn, ó tó. Sẹ́ẹ̀lì tí ó wọlé yóò máa di méjì lójúmọ́, èyí tí ó ni ilé yóò máa lọ́ra. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, onílé ti tán. Ìgò náà ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn jọra lábẹ́ awò amúǹkan-tóbi, kò sì sí ohun tí wọ́n fi lè dá ti ẹnìkan mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Wọ́n lè fi àyẹ̀wò mọ sẹ́ẹ̀lì eku yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Ti ènìyàn sí ènìyàn ni kò sí.

Ẹni tí ó tú àṣírí náà ni Stanley Gartler, onímọ̀ ìran-jogún ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle. Kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni ni ó ń wá. Ó kàn ń wá àmì ìran-jogún nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sìn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966, níbi àpérò àwọn tí ń sin sẹ́ẹ̀lì ní Bedford, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó dìde, ó sì sọ pé ìran sẹ́ẹ̀lì 18 tí òun yẹ̀ wò, tí gbogbo wọn ní orúkọ àti orírun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní àmì kan náà gẹ́lẹ́, àmì náà sì ni ti HeLa. Àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ ti ná ọdún àti owó lórí àwọn ìran sẹ́ẹ̀lì náà. Ìjíròrò tí ó tẹ̀lé e kò tutù. Gartler tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 1968. Ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sí yàrá wọn, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé wọn kò gbọ́.

Àmì tí ó ti Áfíríkà wá

Àmì tí Gartler tẹ̀lé kan ilẹ̀ wa ju bí àwọn ìwé ìtàn HeLa ti ń sọ lọ. Nínú sẹ́ẹ̀lì gbogbo ènìyàn ni ẹ́ńsáìmù kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ G6PD. Oríṣi B ni ó wọ́pọ̀ jù lọ láyé. Oríṣi A fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbòmíràn àfi lára àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá, kì í sì í ṣe gbogbo àwọn náà ni ó ní in. Bí a bá fi iná mànàmáná lé àwọn méjèèjì kọjá nínú jẹ́ẹ̀lì, oríṣi A a máa sáré ju B lọ. Ó ṣiṣẹ́ bí ilà ojú láyé àtijọ́: kò sọ orúkọ ẹni, ṣùgbọ́n ó sọ ibi tí ẹni ti wá.

Gbogbo ìran sẹ́ẹ̀lì 18 náà ni oríṣi A wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ pé aláwọ̀ funfun ni àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ní àwọn gba sẹ́ẹ̀lì lára wọn. Gartler ti kọ̀wé sí Gey ṣáájú láti béèrè irú ènìyàn tí ó ni HeLa, Gey sì dá a lóhùn pé obìnrin adúláwọ̀ ni. Ìwé ẹ̀kọ́ ṣì ń pè é ní Helen Lane ní ìgbà náà. Ohun tí orúkọ tí wọ́n yí padà fi pamọ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ tí wọ́n kó kọjá òkun fi hàn.

Ìdí tí irú àmì bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti wádìí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Lucio Luzzatto, onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ítálì, ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún 1969, òun, E. A. Usanga àti S. Reddy tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science lórí àwọn ọmọbìnrin tí ibà ń ṣe, tí wọ́n ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa méjì pọ̀: èyí tí G6PD rẹ̀ pé àti èyí tí tirẹ̀ dín. Kòkòrò ibà pọ̀ nínú èyí tí ó pé ju èyí tí ó dín lọ, láàárín ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan náà. Ibà ni ó jẹ́ kí àwọn oríṣi tí G6PD wọn dín fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Ti Henrietta kì í ṣe èyí tí ó dín, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìran kan náà ni.

Nelson-Rees àti sẹ́ẹ̀lì láti Rọ́ṣíà

Ìjọba Amẹ́ríkà kéde ogun sí àrùn jẹjẹrẹ ní ọdún 1971, owó sì ń rọ̀jò lórí ìwádìí fáírọ́ọ̀sì tí ó lè máa fà á. Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ ní Soviet Union sọ pé àwọn ti rí irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn aláìsàn wọn. Wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì náà ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Walter Nelson-Rees, tí ó ń tọ́jú ilé ìpamọ́ sẹ́ẹ̀lì ní Oakland, ìpínlẹ̀ California, wo àwọn krómósómù wọn: HeLa ni gbogbo wọn. Ogun tútù ń lọ lọ́wọ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, sẹ́ẹ̀lì àgbẹ̀ tábà kan láti Clover sì ti gba ibodè kọjá láìgba ìwé ìrìnnà.

Nelson-Rees kò dúró lórí ìyẹn. Láti ọdún 1974 ni ó ti ń tẹ orúkọ àwọn ìran sẹ́ẹ̀lì tí ó jẹ́ HeLa jáde, pẹ̀lú orúkọ àwọn yàrá tí wọ́n ti wá. Èyí kò mú un ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Ó fẹ̀yìntì ní ọdún 1981. Iṣẹ́ tí ó ṣe yẹ fún ìyìn ju èyí tí ó gbà lọ nígbà ayé rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó rò pé ẹ̀dọ̀ ni òun ń fi oògùn sí, tí ó jẹ́ pé ọrùn ilé-ọmọ ni, lè mú àbájáde rẹ̀ dé ibi tí dókítà yóò ti gbà á gbọ́.

Ìdílé Lacks gbọ́

Ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ sẹ́ẹ̀lì yìí ni ó gbé àwọn onímọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìdílé náà, kì í ṣe ìfẹ́ láti dúpẹ́. Níbi àpérò kan ní Yunifásítì Yale ní ọdún 1973, wọ́n ń jíròrò bí wọn yóò ṣe dá HeLa mọ̀ dájú. Wọ́n rí i pé bí àwọn bá mọ àmì ìran-jogún ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, yóò rọrùn láti mọ tirẹ̀. McKusick wà ní Johns Hopkins, ìwé ìtọ́jú Henrietta sì wà níbẹ̀. Láti yàrá rẹ̀ ni wọ́n ti pe Day lórí tẹlifóònù pé àwọn fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.

Day kò kàwé lọ títí, ohun tí ó sì yé e ni pé ìyàwó òun ṣì wà láàyè nínú yàrá kan, àti pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn tí ó pa á wà lára àwọn ọmọ. Ó kó wọn jọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Deborah, tí kò tó ọmọ ọdún méjì nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, bẹ̀rẹ̀ sí dúró de èsì, ó sì ń bẹ̀rù ọjọ́ orí tí ìyá rẹ̀ kú. Kò sí èsì jẹjẹrẹ kankan tí ó ń bọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó yẹ̀ wọ́n wò fún un. Ní ọdún 1976, àmì ìran-jogún ìdílé náà jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Díẹ̀díẹ̀, láti ẹnu akọ̀ròyìn, ni wọ́n fi mọ̀ pé wọ́n ń ta sẹ́ẹ̀lì ìyá wọn, tí àwọn ọmọ náà fúnra wọn kò sì fi gbogbo ìgbà ní owó ìtọ́jú ilé ìwòsàn.

Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti ilẹ̀ Nàìjíríà wá

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà náà ní ìran sẹ́ẹ̀lì tí ó gba ayé kan. Ní ọdún 1963, R. J. V. Pulvertaft, onímọ̀ àrùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sin sẹ́ẹ̀lì láti ara kókó Burkitt tí ó yọ ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan ní Nàìjíríà. Raji ni ìran sẹ́ẹ̀lì náà ń jẹ́, orúkọ tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni ìran sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí ó ti inú ẹ̀yà tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wá tí ó ń pọ̀ sí i láìkú, wọ́n sì ń lò ó títí di òní nínú ìwádìí fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr. Ohun tí ìwé àkójọ sọ nípa ọmọ náà kò ju ọjọ́ orí, àwọ̀ ara àti ibi tí kókó náà wà lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, nǹkan yàtọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ HapMap gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn Yorùbá 90 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ ní ọgbọ̀n ìdílé, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn ará àdúgbò jíròrò tí wọ́n sì gba ìyọ̀ǹda ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ Coriell ní ìpínlẹ̀ New Jersey ni ó ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì wọn. Wọ́n ṣe òfin kan lórí bí a ó ṣe máa pè wọ́n: Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà, ni kí òǹkọ̀wé kọ, kì í ṣe Yorùbá lásán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Áfíríkà.

Ìrántí rẹ̀

Ní ọdún 2010, ìwé Rebecca Skloot lórí ìgbésí ayé rẹ̀ jáde, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé mọ orúkọ náà. Fíìmù tí wọ́n ṣe láti inú rẹ̀ tẹ̀lé e ní ọdún 2017. Ọdún 2010 yìí náà ni Roland Pattillo, dókítà adúláwọ̀ kan tí ó ti bá Gey ṣiṣẹ́ rí, ra òkúta sàréè fún un ní Clover, lẹ́yìn ọdún 59. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Jámánì tẹ gbogbo àbùdá HeLa jáde láìbéèrè lọ́wọ́ ìdílé. Ìdílé figbe ta, wọ́n sì fà á padà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, àjọ ìlera NIH ti Amẹ́ríkà bá ìdílé ṣe àdéhùn pé ọmọ ìdílé méjì yóò wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa pinnu ẹni tí ó lè rí i.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá ní ọdún 2021, Lawrence àkọ́bí rẹ̀ sì gbà á. Ní ọdún náà ni ìdílé pe ilé-iṣẹ́ Thermo Fisher Scientific lẹ́jọ́ lórí èrè tí ó ń rí lórí HeLa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n kéde pé àwọn méjèèjì ti parí ìjà náà láìsọ iye owó. Ère rẹ̀ wà ní Roanoke láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023.

Inú sẹ́ẹ̀lì HeLa ni ẹgbẹ́ Harald zur Hausen ní Jámánì ti rí fáírọ́ọ̀sì HPV oríṣi 18 ní àwọn ọdún 1980, èyí tí ó fa jẹjẹrẹ Henrietta. Zur Hausen gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó jáde láti inú ìmọ̀ náà dé Nàìjíríà nínú ètò ìjọba ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá. Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára àwọn tí ó kàn ní ìpele kejì, ní ọdún 2024.

Bí ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ sẹ́ẹ̀lì ṣe wà lónìí

Láti ọdún 2012 ni ìgbìmọ̀ àgbáyé kan, ICLAC, ti ń tọ́jú àkójọ àwọn ìran sẹ́ẹ̀lì tí orúkọ wọn kì í ṣe tiwọn. Ó ti ju 400 lọ. HeLa kọ́ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó fara hàn nínú rẹ̀ tó o. Àyẹ̀wò DNA tí a ń pè ní STR, irú èyí tí wọ́n fi ń mọ bàbá ọmọ, lè sọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹni tí sẹ́ẹ̀lì jẹ́ tirẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìwádìí. Síbẹ̀, ní ọdún 2017, Serge Horbach àti Willem Halffman ní Nẹ́dálándì ka àpilẹ̀kọ 32,755 tí ó dá lórí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a ti ṣì mọ̀. Ilé ìpamọ́ tí ó ń ta HEp-2, KB àti Chang Liver ti kọ ọ́ sí abẹ́ orúkọ wọn pé HeLa ni wọ́n. Àwọn kan ṣì ń rà wọ́n, wọ́n sì ń kọ gògóńgò, ẹnu àti ẹ̀dọ̀ sínú àpilẹ̀kọ wọn.